Ọkọ Mi Kò Ní Mọ́tò Mọ́, Fídíò Mọ́tò Ló Fi Ń Sùn

Ìbéèrè

Ọ̀gá wa, ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ nípa ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí èmi fúnra mi máa kọ̀wé sí yín. Ọ̀rọ̀ mi kò sì jẹ mọ́ táyà tàbí bátìrì. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta. Ọkọ mi ń ta páànù àti ìṣó. Àjọ tí a dá fún ọdún mẹ́ta la fi ra Camry Tòkunbọ̀ kan, ti ọdún 2008, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Muscle. Kò tíì pé ọdún méjì lọ́wọ́ wa tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Wọ́n wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó tú u, ó ní kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀. Ó wá sọ lójú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ pé ọkọ mi kò mọ ọkọ̀ tọ́jú. Ọkọ mi kò fèsì. A ò rówó ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Nígbà tí owó epo sì fò sókè lọ́dún 2023, a ta ọkọ̀ náà ní owó pọ́ọ́kú.

Láti ìgbà náà, tí a bá ti jẹun alẹ́ tán, fóònù ni. Oyìnbó kan á máa tú ẹ́ńjìnnì, nọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn òmíràn, fún ogójì ìṣẹ́jú. Kò sí orin níbẹ̀, kò sí eré. Bí mo bá jí lóru, iná fóònù ni mo máa ń rí lójú rẹ̀. Dátà wa kì í pẹ́ tán. Àwọn ìbejì wa náà ń wo fídíò mọ́tò, ṣùgbọ́n tiwọn yé mi: àwọn mọ́tò olówó ńlá tó ń sáré ni. Bàbá wọn kì í wo ìyẹn rárá. Tí mo bá bi í pé kí ló ń wò, á ní, “Kò sí nǹkan kan.”

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ojúkòkòrò ni, pé ẹni tí kò ní mọ́tò kò yẹ kó máa wo mọ́tò. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń jẹun, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Kí gan-an ni àwọn èèyàn ń rí nínú fídíò mọ́tò? Ṣé kí n gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú ìtọ́jú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín, ohun tí ẹ kàn sọ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá ló sì mú mi lọ́kàn jù, pé kì í wo mọ́tò olówó ńlá. Màá padà síbẹ̀.

Mẹkáníìkì ni mí láti ọdún 1991, èmi náà sì ń wo fídíò mọ́tò. Ìyàwó mi ti béèrè irú ìbéèrè yín yìí lọ́wọ́ mi rí, mi ò sì rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà. Mo ti rò ó láti ìgbà yẹn.

Ohun tó gbé kálukú dé ibẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹ mú ti àwọn ìbejì. Ó jọ pé carwow ni wọ́n ń wò, ìkànnì àwọn ará Bìrìtìkó tí Mat Watson máa ń ṣe. Wọ́n á to ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sórí ọ̀nà tí bàálù ń gbà gbéra, wọ́n á kà á, ó di eré. Ìdámẹ́rin máìlì ni wọ́n ń sá, púpọ̀ nínú wọn kì í sì lò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ á ti yan tiwọn kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá fìdí rẹmi á sì máa wá àwíjàre. Bí bọ́ọ̀lù ló rí lára wọn. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé àwọn tó ń wo Arsenal lọ́jọ́ Sátidé kò ní in lọ́kàn láti ra ẹgbẹ́ náà.

Àwọn mìíràn ń wo ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ háyà ilé. Doug DeMuro ni ọ̀gá wọn, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó máa ń yí ọkọ̀ po, tí á ṣí gbogbo ibi tó ṣeé ṣí, tí á tẹ gbogbo bọ́tìnì, tí á máa tọ́ka sí ohun àrà tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà fi síbẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni á tó wà á, á wá fún un ní máàkì nínú 100. Jay Leno wà níbẹ̀ náà, ẹni tó ṣe olóòtú ètò ẹ̀fẹ̀ alẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú gáréèjì rẹ̀ ní Burbank, ní California, ọkọ̀ wà tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ó wà lábẹ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1907, èyí tí ooru omi gbígbóná ń mú rìn, nígbà tí iná jó o lójú àti lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó jáde nílé ìwòsàn tó fi padà sídìí àwọn ọkọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ohun tó ń sọ, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí àwọn tí kò lè fọwọ́ kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé fi ń jókòó gbọ́ ọ.

Àwọn kan sì ń wò ó kí wọ́n lè mọ àrùn ọkọ̀. Tyler Hoover wà ní Wichita, ìpínlẹ̀ Kansas, ìkànnì rẹ̀ ni Hoovies Garage. Ọkọ̀ olówó ńlá tó ti ń ṣàìsàn ló ń rà ní owó pọ́ọ́kú, á wá gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí wọ́n ń pè ní Car Wizard, ìyẹn á sì ka àrùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra jíìpù ńlá Tòkunbọ̀ torí pé owó rẹ̀ já wálẹ̀ kọ́kọ́ wo méjì tàbí mẹ́ta nínú fídíò rẹ̀. Scotty Kilmer ti ṣe mẹkáníìkì ju àádọ́ta ọdún lọ, ariwo rẹ̀ pọ̀, ó sì fẹ́ràn Toyota débi pé ó máa ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo dá gbogbo ọkọ̀ yòókù lẹ́bi. Mo máa ń gbọ́ ọ, mi ò gba gbogbo rẹ̀. ChrisFix kì í fi ojú rẹ̀ hàn, ọwọ́ nìkan lẹ ó máa rí. Àwọn ọmọṣẹ́ mi fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè wo ọwọ́ náà kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ páàdì bíréèkì.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni South Main Auto. Eric O ni ọkùnrin náà ń pe ara rẹ̀, abúlé kan tó ń jẹ́ Avoca, ní ìpínlẹ̀ New York, ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn ló sì ń jẹ abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ láti máa wo abẹ́ Tòkunbọ̀ kí n tó wo ara rẹ̀. Ọkọ̀ á máa dán gbinrin ní Kútọnu tàbí ní Berger, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi jáàkì gbé e, tí páìpù bíréèkì bá ń ṣí èèpá, ilé iyọ̀ ló ti wá. Bí ọkọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe ní Amẹ́ríkà ṣe ń bọ̀ wá di tiwa nìyẹn. Àrùn tí wọ́n bá rí lára rẹ̀ níbẹ̀, òun ló ń bá a wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó.

Àmọ́ kì í ṣe iyọ̀ ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Eric O kì í dá nǹkan lẹ́bi láìwádìí. Lọ́dún 2019, wọ́n wọ́ Corolla kan wá sọ́dọ̀ mi tó ń lọ́ra láti stáàtì. Ẹni tó ni ín ti ra bátìrì, ó ti ra kíkì sítátà, wọ́n sì ti ní kó lọ ra bréènbọ́ọ̀sì. Ó kó owó bréènbọ́ọ̀sì náà sápò wá, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àpò náà ní gbogbo ìgbà tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo wo fídíò tí Eric O ti fi ẹnu mítà kan sórí òdì bátìrì, tó fi èkejì sára ẹ́ńjìnnì, tó wá ní kí wọ́n stáàtì ọkọ̀. Tí wáyà tó so bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì bá dára, mítà kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Tó bá ti tó ìdajì fólítì, wáyà yẹn ló ń gba agbára jẹ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí Corolla náà. Mítà gun 1.9. Mo tú ẹnu wáyà ilẹ̀, ìpẹtà ti bò ó, ó funfun bí ẹ̀fun. Mo fi sáńdípépà họ ọ́, mo dì í padà, ọkọ̀ náà sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá náà kò kúrò nídìí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó kàn ń pa á, ó ń tún un stáàtì.

Ìyá Ìbejì, ẹ fi èyí sọ́kàn bí mo ṣe ń bọ̀ lórí ti ọkọ yín.

Ogójì ìṣẹ́jú, kò sí orin, nọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn òmíràn: I Do Cars lẹ ṣàpèjúwe yẹn. Ọkùnrin kan ní St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ló ń ṣe é. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú ni iṣẹ́ rẹ̀, ó ń tú wọn kó lè rí ohun tó ṣì dára tà nínú wọn. Mo fẹ́ kí ẹ rí ohun tí ọkọ yín ń rí. Ó máa ń da ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú abọ́. Tí nǹkan bá ń tàn wínníwínní nínú ọ́ìlì náà bíi wúrà tí wọ́n lọ̀ kúnná, irin ti jẹ irin nínú níbẹ̀. Á ṣí ìdérí òkè, á yọ ṣéènì, á gbé orí ẹ́ńjìnnì kúrò, á wo ojú písítìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni á dojú rẹ̀ dé. Ibẹ̀ ni wàhálà máa ń wà. Lábẹ́ písítìn kọ̀ọ̀kan, irin pẹlẹbẹ kan wà tó tẹ̀ bí èékánná, òun ni wọ́n ń pè ní bíárìn, ọ́ìlì nìkan ló sì ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára irin tó ń yí. Èyí tó dára máa ń rí bí eérú, ó máa ń jọ̀lọ̀. Èyí tí ọ́ìlì tán lára rẹ̀ á pọ́n bíi bàbà, á fẹ́lẹ́, á ya, irin tó ń yí á sì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tó jóná. Ọkùnrin náà á gbé e sókè sí kámẹ́rà. Ibi tó kú sí nìyẹn, ohun tó pa á sì nìyẹn.

Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lójú ọ̀nà, tí wọ́n sọ fún un ní gbangba pé òun ló pa á, tí kò rí ohun tó pa á gan-an kí wọ́n tó gbé e lọ, kí lẹ rò pé ó ń wá lálaalẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì àwọn ẹlòmíràn?

Ẹ wá jẹ́ ká tú ti Camry yín náà. Muscle ti 2007 títí dé 2009 tó bá ní ẹ́ńjìnnì 2.4, orúkọ ẹ́ńjìnnì yẹn ni 2AZ-FE, ó sì máa ń mu ọ́ìlì. Kì í jò sílẹ̀ kí ẹ rí i lórí símẹ́ǹtì o. Inú lọ́hùn-ún ló ti ń jó o mọ́ epo. Lára písítìn, ríìǹgì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbá ọ́ìlì padà sísàlẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ́ìlì náà ń gbà lọ. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, èédú máa ń dí ihò wọ̀nyẹn, ríìǹgì á lẹ̀ mọ́ ojú kan, ọ́ìlì á wá kù sókè níbi tí iná wà. Ahmed, ọ̀gá nínú àtúnṣe Toyota tó ń ṣe ìkànnì The Car Care Nut láti ìpínlẹ̀ Illinois, ti ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Toyota fúnra rẹ̀ gbà á ní Amẹ́ríkà: wọ́n sún wáráńtì síwájú nítorí rẹ̀, ọkọ̀ tó bá sì jó nǹkan bíi lítà kan láàárín máìlì 1,200, wọ́n á pààrọ̀ písítìn àti ríìǹgì rẹ̀. Ọjọ́ wáráńtì náà ti kọjá. Kò dé ọ̀dọ̀ àwa tí a ra Tòkunbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ta ọkọ̀ náà kì í ka ọ̀rọ̀ yìí sí etí ẹni tó ń rà á.

Olùkọ́ ni yín, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Máìlì 1,200 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1,930. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì náà ń gbà kò ju lítà mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Kìlómítà 5,000 ni àwa mẹkáníìkì máa ń sọ fún àwọn oníbàárà wa pé kí wọ́n tó padà wá yí ọ́ìlì. Ẹni tó bá pa òfin yẹn mọ́ láìyẹsẹ̀ á ti pàdánù nǹkan bíi lítà méjì ààbọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ju ìdajì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iná pupa tí wọ́n ya agolo ọ́ìlì sí lára kì í tàn torí pé ọ́ìlì ń dín kù. Ìgbà tí agbára tó ń ti ọ́ìlì kiri inú ẹ́ńjìnnì bá ti lọ sílẹ̀ ló máa ń tàn, bíárìn á sì ti máa jẹ ara rẹ̀ nígbà yẹn.

Nítorí náà, ọkọ yín lè máa yí ọ́ìlì déédéé kí ẹ́ńjìnnì yẹn sì kú síbẹ̀. Ohun tí ì bá gbà á là ni kí èèyàn máa fa géèjì ọ́ìlì yọ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa bù sí i láàárín ìgbà tí a ń yí i. Ẹni tó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún un ni mẹkáníìkì rẹ̀. Inú bí mi nígbà tí mo ka ohun tí mẹkáníìkì yẹn sọ sí i lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ojú sì tì mí pẹ̀lú, torí pé nígbà tí Muscle ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ nígboro, èmi náà sọ irú rẹ̀ sí oníbàárà kan, awakọ̀ tó ń fi tirẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun. Nígbà tí mo wá mọ ohun tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì yẹn, mo wá a lọ sílé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú Òde, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó gbà. Ó ní òun ti ń rò ó láti ọjọ́ náà pé bóyá lóòótọ́ lòun jẹ́ aláìbìkítà.

Ní ti dátà, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń yan bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó lórí fídíò náà, ẹ fi sí 360p. Lórí 1080p, wákàtí kan lè jẹ ju gígà kan lọ. Lórí 360p kì í sábà tó ìdajì ìyẹn, bíárìn tó pọ́n á sì ṣì hàn. Ní ti oorun, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó máa pa fóònù náà kó tó di aago mọ́kànlá. Bó bá di pé kò jẹun mọ́, tàbí tí kò fẹ́ dìde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ lọ rí dókítà, ẹ má fi falẹ̀. Ohun tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yín kò tíì dé ibẹ̀.

Ẹ gbé ìwé ìròyìn yìí fún un tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn kó jẹ́ pé ẹnu yín ló ti gbọ́. Ní alẹ́ ọ̀la, tí ẹ bá ti kó abọ́ kúrò, ẹ jókòó tì í. Ẹ má bi í pé kí ló ń wò mọ́. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú rẹ̀ títí wọ́n á fi dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wá bi í pé, “Kí ló pa èyí?” Yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé tán, kó fọwọ́ tọ́ka sí i. Tó bá ti ṣàlàyé ti ẹlòmíràn tán, ẹ sọ fún un pé mo ní kó wá 2AZ-FE, kí ẹ sì jọ wo ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sọ ohun tó ní ó pa tiyín.